Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Tí Ìyá Mi Ń Kúnlẹ̀ Kí

Nínú gbogbo ẹran tó wà nílé wa ní Kambolé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nìkan ni ìyá mi máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Ìwọ" ni wọ́n ń pe ewúrẹ́, "ìwọ" ni wọ́n ń pe àgùntàn, awó tó ń yé ẹyin káàkiri inú koríko sì ni "ìwọ aláìgbọràn yìí". Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ọkọ mi kékeré. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á gbọ́ wọn tán, á fi ẹnu kan gèlè orí wọn, á sì wúkọ́ bí arúgbó ọkùnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó bá wọ ilé ọkọ lọ́dọ̀ wa kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá bá nínú ilé náà, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rá kòrò. Ọkọ ni gbogbo wọn. Á wá orúkọ àpọ́nlé fún kálukú, á sì máa kúnlẹ̀ kí wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ìyá mi wọlé, àwọn ìyàwó ilé to àwọn ọkọ wọ̀nyí sílẹ̀ fún wọn, láti orí àbúrò bàbá mi dé orí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ìyálé ilé lọ fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Èyí náà ti wà nílé kí o tó dé. Ọkọ rẹ ni. Kúnlẹ̀ kí i." Gbogbo agbolé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn retí pé kí ìyá mi dìde kí wọ́n sì bá àwọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni ìyá mi ti rí i pé ẹran náà kì í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan tẹlẹ̀ dáadáa. Wọ́n béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń béèrè.

Ẹran ẹlẹ́ran ni. Hausa oníṣòwò obì kan ló fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá bàbá mi nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà Djougou. Ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀, òun ń padà bọ̀. Kò padà. Bàbá bàbá mi kú, ó sì sọ fún àwọn tó kù pé àmánà ni, ohun tí èèyàn fi síkàáwọ́ ẹni tí Ọlọ́run yóò béèrè. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú ilé rántí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ yàtọ̀ sí ìyá mi.

Obìnrin tí kì í jókòó ni wọ́n. Kí wọ́n tó pe àdúrà àsùbáà, wọ́n á ti pọnmi kún ìkòkò. Wọ́n ń se irú, wọ́n ń gún èso igi òrí, wọ́n ń po òrí, wọ́n sì ń ru iṣu bàbá mi láti oko wálé. Síbẹ̀, tí òròmọdìẹ bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, wọ́n á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ di ẹsẹ̀ náà, wọ́n á fi òwú wé e. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí adìẹ. Wọ́n ní, "Kò lẹ́nu tó lè fi fẹjọ́ wa sùn báyìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò lẹ́nu." Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí ọjọ́ ìdájọ́ láti ìgbà náà wá. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà iṣẹ́ ọ̀nà ni. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso, kọmandáà wọn sì wà ní Sokodé. Àwọn gáàdì onífìlà pupa ló ń jáde láti Tchamba wá kó àwọn ọkùnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń kó lọ sí ìhà gúúsù, sí iṣẹ́ ojú irin. Ẹni tó bá padà láti ibẹ̀, á padà tòun ti àìsàn. Àwọn kan kò padà.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n pè ní agbolé tiwa. Kí wọ́n tó dé, ó ti kọjá sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, níhà Kùmásì. Wọ́n pe bàbá mi lọ sí Tchamba pé kó wá sọ ibi tó fi àbúrò rẹ̀ pamọ́ sí. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì níwájú olóyè àti àwọn gáàdì, wọ́n búra pé àbúrò àwọn kò sí nílé, kò sì sùn sínú yàrá rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Òtítọ́ ni. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá mi kì í búra. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n sì pẹ́ lórí ẹní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa wú tí ilẹ̀ bá tutù, ìyá mi bá gbà á sínú yàrá àbúrò bàbá mi tó ṣófo. Wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ fún un, wọ́n gbé omi sínú abọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n ń da eérú sílẹ̀, wọ́n ń gbá yàrá náà títí á fi mọ́ ju yàrá èèyàn lọ. Bàbá mi ṣàwàdà sí i pé tí àbúrò àwọn bá dé, orí òrùlé ni yóò máa sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé kéú, mo ń fọ wàláà mi lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú yàrá náà. Wọ́n ń sọ pé, "Ọkọ mi kékeré, ẹ má jáde o. Ẹ jókòó yín síbí, níta ò dáa. Ẹ jẹun." Mo gbọ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wúkọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí fìlà pupa kan tó dúró lókè ògiri. Kò mì. Nígbà tó yá, ó kúrò níbẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní bóyá ẹni tó ń kọjá ni. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹun mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni gáàdì náà padà dé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ìránṣẹ́ olóyè. Ọmọ Yorùbá ni, láti ìhà Dàhòmì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Wọ́n tú yàrá. Wọ́n rí koríko tí wọ́n tẹ́ bí ibùsùn, wọ́n rí abọ́ omi àti èèpo iṣu tó ṣẹ́kù, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Wọn kò rí ìgbẹ́ ẹran kankan, nítorí ìyá mi ti kó o. Òórùn ẹran wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá wo ló wà ní Kambolé tí kò ní òórùn ẹran? Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ jẹko létí odò.

Gáàdì béèrè ẹni tó ń sùn síbẹ̀. Ìyá mi ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tún wo ìyá mi.

"Ìyá, ọmọ Yorùbá lèmi náà. Ìyá tó bí mi ní ọkọ kékeré nílé, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ta ló ń bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe 'ẹ̀yin'?"

Ìyẹn gan-an ló dè wá. Ká ní ẹ̀yà mìíràn bíi Kọ́tọ́kólì ló dúró lẹ́yìn ògiri yẹn, tàbí òyìnbó, ariwo lásán ni wọn ì bá gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni, ó mọ àṣà wa, ó mọ ẹni tí ìyàwó ilé ń pè ní ọkọ mi kékeré, ó mọ ìdí "ẹ̀yin". Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì gbọ́ ọ lódì. Àwọn ará ilé sáré lọ fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá láti etí odò, gáàdì kò bojú wò ó. Ó ní kò sí ilé tí wọn ò ti lè fa ẹran wá. Gbogbo agbolé ń jẹ́rìí, ó ní agbolé kan náà ni gbogbo wa.

Bàbá mi ni wọ́n mú. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ ọ̀nà mọ́ fún ẹni tó fi Àlùkùránì purọ́ fún ìjọba. Sokodé ni wọ́n ń mú wọn lọ bá kọmandáà, tí àbúrò wọn kò bá sì jáde wá gba ipò rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí gúúsù lẹ́yìn ọjọ́ ọjà ni yóò gbé wọn. Bàbá mi kò bá wọn jà. Wọ́n wọ bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú sí ìyá mi.

"Ó kù díẹ̀ kí àwọn èèyàn wọ mọ́ṣáláṣí," ni wọ́n wí. "Wọ́n á máa sọ pé mo búra èké. Ṣé o rí ohun tí eré rẹ dà?"

Ìyá mi bá wọn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí a kò fi rí fìlà pupa mọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé lọ gbé òrí kaná.

Mo rò pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ sè. Ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi òrí náà pa. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n so ó pinpin. Nígbà tí ìyálé ilé béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ní àwọn ń mú un lọ sí Sokodé. Ìyálé ní orí wọn ti dàrú: ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn kò ní dé Tchamba, áńbọ̀sì Sokodé, odò Mono sì ń kún lójoojúmọ́. Ìyá mi ní tí àwọn bá gbé ẹnu lásán lọ, wọn ò ní gbà. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọdọ̀ dé ilé ẹjọ́.

Àlùfáà tó ń kọ́ mi ní kéú wá bá wọn kí a tó lọ. Ó ṣàdúrà, ó sì sọ pé òtítọ́ ni bàbá mi búra lé, Ọlọ́run mọ̀, kí ìyá mi má bẹ̀rù. Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé Ọlọ́run mọ̀. Kọmandáà ni kò mọ̀.

Èmi ni wọ́n mú dání. Mo ru igbá oúnjẹ, ìyá mi ru àpò èèpo iṣu gbígbẹ àti ẹ̀wù bàbá mi, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ru nǹkan kan. Wọn kò gùn ún, wọn kò gbé nǹkan lé e. Gbogbo ẹni tó pàdé wa ló ń wò wá. Nígbà tí a ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tchamba, tí òógùn ń dà lójú ìyá mi lábẹ́ ẹrù, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń tẹ̀lé wọn lọ́wọ́ òfo, ọkùnrin kan tó ń ta okùn pè wá. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?" Àwọn ará ọjà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà ì bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n ní kí n má wẹ̀yìn.

A sùn sí Tchamba lọ́dọ̀ ìbátan wa kan. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a dé Mono, omi ti mu èèyàn dé ìdí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró. Ó na etí sẹ́yìn, ó gbin. Àwọn tó ń sọdá ní kí a fi pàṣán lé e. Ìyá mi gbé ẹrù sọdá, wọ́n gbé mi sọdá, wọ́n tún padà lọ bá a, wọ́n dúró sínú omi, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kàn ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo sì ń tún un kà, nítorí mo rí igi wíwó tí omi ń gbé kọjá lẹ́yìn wọn. Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ kan sínú omi. Ó tún fi ìkejì sí i. Wọ́n gòkè wá sọ́dọ̀ mi pọ̀, àwọn méjèèjì ń gbọ̀n.

Ní Sokodé, obìnrin Yorùbá kan tó jẹ́ Kátólíìkì ló gbà wá sílé. A kò mọ̀ ọ́n rí. Ó gbọ́ tí ìyá mi ń sọ Yorùbá sí ẹran lójú ọ̀nà ni, ó jáde wá wò. Ó fún wa ní omi gbígbóná, ó tẹ́ ẹní fún ìyá mi láti kírun, òun náà kúnlẹ̀ sí igun tirẹ̀ ó ya àmì àgbélébùú. Bó ti rí i pé gèlè ìyá mi ti gbó, tó sì kún fún ẹrẹ̀, ó yá wọn ní tirẹ̀, gèlè funfun tó mọ́, pé èèyàn kì í wọ irú gèlè tiwọn yẹn lọ síwájú kọmandáà. Mo ṣì ń tọrọ àánú fún obìnrin náà nínú àdúrà mi di òní.

Àwọn èèyàn ti kún àgbàlá bíró nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀. Àwọn tí ọkọ̀ ń kó lọ sí gúúsù jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá mi wà láàárín wọn. Wọ́n rí wa, wọ́n rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n sì gbé ojú wọn sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù náà wà létí ògiri, ẹnì kan ń da omi sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

A dúró títí oòrùn fi mú. Nígbà tí wọ́n pè wá, kọmandáà jókòó sí fàràńdà, ògbufọ̀ dúró sápá ọ̀tún rẹ̀. Kọ́tọ́kólì ni ògbufọ̀, àgbàlagbà, ó gbọ́ Yorùbá ọjà. Ìyá mi ṣàlàyé. Ògbufọ̀ ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó yíjú sí kọmandáà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé sọ ọ́, gbogbo ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni *petit mari, petit mari*, ìyẹn ọkọ kékeré, kọmandáà sì ń wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ fi hàn án. Ó béèrè lọ́wọ́ gáàdì tó mú bàbá mi. Gáàdì dúró ṣánṣán, ó ní irọ́ ni. Ó ní òun gbọ́ obìnrin yìí tó ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun sì gbọ́ tí ọkùnrin náà wúkọ́.

Kọmandáà ronú díẹ̀. Ó ní kí gáàdì kọjú sí ògiri. Kí obìnrin náà ṣe bó ṣe ń ṣe nílé. Tí gáàdì bá gbọ́ ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, kó sọ. Tí kò bá gbọ́ ọ, ọkọ̀ ń lọ.

Gáàdì mìíràn bá mú ọ̀pá. Ó ní àwọn kò ní dúró síbí di alẹ́, kí wọ́n fún ẹran náà ní ọ̀pá díẹ̀, á pariwo. Ó ti gbé ọ̀pá sókè kí ìyá mi tó fi ara wọn bo ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Ẹ má nà án," ni wọ́n wí. "Àmánà ni. Ẹni tó ni ín kò tíì padà wá."

Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sí wọn pé kí wọ́n rò ó dáadáa, ọkọ wọn ló wà lábẹ́ igi yẹn.

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí. "Ẹ má nà án."

Bàbá mi gbójú sókè. Mo ń wò wọ́n, nítorí ojú wọn ni mo fẹ́ fi mọ̀ bóyá ìyá mi ṣe dáadáa tàbí wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

Kọmandáà ní kí wọ́n gbé ọ̀pá kúrò. Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà létí ògiri ń fò sókè kí wọ́n lè rí i. Ìyá mi kí i. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ na ẹnu rẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn gèlè funfun náà, ó sì yíjú kúrò. Wọ́n tún kí i. Ó ń wo ìhà ibi tí ọkọ̀ wà, etí rẹ̀ ń gbọ̀n. Gáàdì kò kúrò lójú ògiri, kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí awakọ̀ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ìyá mi fọwọ́ kan orí wọn. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Fún mi ní gèlè mi."

Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo fà á yọ, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ó ń rùn fún irú, fún òrí, fún èéfín. Wọn kò ṣí orí níwájú àwọn ọkùnrin yẹn. Wọ́n wé e lé orí èyí tó mọ́, wọ́n so ó bó ṣe ń wà nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ògbufọ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ní kí àwọn èèyàn dákẹ́ ẹ̀rín. Ó sọ ọ́ ní Kọ́tọ́kólì, ó sọ ọ́ ní Hausa. Ẹ̀rín náà ń rọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí tí mo fi ń gbọ́ ẹyẹ lórí igi máńgòrò.

Oòrùn wà láàárín orí gan-an. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ọkọ mi kékeré." Kò sí kíkí mìíràn tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ̀. "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú pé a rìn yín jìnnà."

Ó yí padà. Ó rìn wá, ó ń tiro, ó fi ẹnu kan gèlè náà, ó sì mí sí i. Fún ìgbà díẹ̀, kò ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà náà ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ na ọrùn, ó sì wúkọ́, ẹ̀ẹ̀kan, ó sinmi, ó tún wúkọ́, bí arúgbó tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn gáàdì. Kò yíjú. Mo rò nínú ọkàn mi pé kò sí ohun tó lè fipá mú un. Òun nìkan ló mọ ohun tó gbọ́ lẹ́yìn ògiri wa, tó bá sì sẹ́ ẹ, a ti tán. Ó bọ́ fìlà pupa náà, ó fi nu ojú.

"Ọkùnrin tó wúkọ́ nínú yàrá nìyẹn," ni ó wí. "Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó búra yẹn kò purọ́."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fẹnu sọ. Kọmandáà pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan fún ògbufọ̀, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, pé ó ní kí *petit mari* mú *grand mari*, ọkọ ńlá, lọ sílé. Wọ́n pe bàbá mi jáde kúrò lábẹ́ igi. Bàbá mi kọjá láàárín ẹ̀rín náà, wọ́n gba ẹ̀wù wọn lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n sì wọ̀ ọ́. Mo wẹ̀yìn wo àwọn tó ṣẹ́kù sórí ilẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn.

Gáàdì lé wa bá létí ìlú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó ní kí wọ́n forí ji òun. Ó wá sọ fún ìyá mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ wá orúkọ mìíràn fún ẹran yín."

"Kí n máa pè wọ́n ní kí ni?" ni ìyá mi dáhùn. "Mo bá wọn nílé ni."

Bàbá mi ti ń lọ níwájú.

Bàbá mi ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan péré láti sọ, wọ́n sì sọ ọ́ láìwẹ̀yìn: pé ìyàwó àwọn kúnlẹ̀ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níwájú gbogbo Sokodé, pé títí ọjọ́ ikú àwọn ni wọn yóò máa sọ ọ́ lọ́jà. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò sọ pé àwọn ló gba bàbá mi sílẹ̀. Wọn kò rán wọn létí pé ìbúra wọn ti di òtítọ́ lójú gbogbo ayé. Wọ́n kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà, ọwọ́ wọn wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́.

Odò Mono ti kún ju ti ìgbà tí a ń lọ. Òjò ṣú níhà orísun rẹ̀, àwọn tó wà létí omi ní kí a tètè sọdá, tó bá tún ga sí i, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́. Bàbá mi gbé mi sọdá, ìyá mi gbé ẹrù sórí, wọ́n tẹ̀ lé wa. Bàbá mi padà lọ mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n fa okùn. Kò mira. Wọ́n tún fà á, ó jókòó lé ìdí bí ajá. Ìyá mi wà lódìkejì pẹ̀lú mi, omi sì ti ga ju ohun tí wọ́n lè tún padà wọ̀ lọ. Òkè odò ti dúdú. Bàbá mi wo omi, wọ́n wo òkè, wọ́n ṣẹ́ igi.

Ìyá mi kò pariwo. Mo kàn rí i tí ẹnu wọn ń mì, mo mọ̀ pé Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá mi gbé igi náà sókè. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wò wọ́n, kò yẹra. Mi ò mọ ohun tó kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Bàbá mi ti mọ ẹran náà láti ìgbà èwe wọn, àwọn ni wọ́n rán láti gba okùn rẹ̀ lọ́wọ́ Hausa náà, wọn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè àpọ́nlé kankan. Wọ́n ju igi náà sínú omi. Wọ́n wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ ba, tí ẹnu wọn fi súnmọ́ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi a máa gbé ohùn, a sì gbọ́ ọ.

"Ẹ dìde," ni bàbá mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìyá mi fi etí gèlè bo ẹnu wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dìde, ó wúkọ́, ó sì wọ omi.